Ọkọ̀ Yín Tó Ń Gbóná Lójú Kan

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò. Ìyá wa ń kí yín, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ náà ń kí yín. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń rìn dé ẹnu géètì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ló gbé mi dé orí ìwé. Tó bá ń sáré, kò níṣòro. Tó bá dúró lójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ á máa hó. Mẹkáníìkì ní atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tù ú tó bá ń sáré, àmọ́ tó bá dúró, fáànù ló yẹ kó fẹ́ ẹ. A ṣí iwájú ọkọ̀, a bá wáyà fáànù tí ẹnìkan ti gé.

Àbúrò bàbá wa ni. Inú ọkọ̀ yín ni wọ́n ti ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́, tí ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ariwo fáànù kì í jẹ́ káwọn gbọ́ ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ rédíò wà ní pálọ̀. Àwọn yìí kan náà ló ní kẹ́ ẹ fowó ẹ́ńjìnnì tuntun ránṣẹ́. Ó rí mi lára.

A ti so wáyà náà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹnu tèmi ò gbà á. Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀.

Ẹ tètè pè wọ́n o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ìyàwó mi ni.