Ìkẹ́dùn Ikú Ọnárébù Làtíìfù Àjàdí, àti Ọ̀rọ̀ Afárá Odò Aró

Sí Àlhájà Àsúmáù Àjàdí, Roqeeb, Nusaybah, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú tí a kò ní fi pamọ́ fún yín, ni àwa Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró ní Peckham fi gbọ́ ikú ọkọ yín, bàbá yín àti alága wa tẹ́lẹ̀, Ọnárébù Làtíìfù Àjàdí.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì níhìn-ín nílùú òyìnbó. Nígbà tí onílé fẹ́ lé wa kúrò nínú yàrá tí a ń kírun sí lẹ́yìn Rye Lane, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti bọ́ lọ bá a, wọn ò tíì jẹun, wọ́n sì dúró níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ títí ó fi gbà kí a máa bá a lọ. Òtútù ọjọ́ náà ṣì wà lára àwa tí a bá wọn lọ.

Nítorí kí afárá lè wà lórí Odò Aró ni wọ́n ṣe padà sílé. Ìyẹn nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ gbégbá ìbò. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àga ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ilé yàn fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìde sọ̀rọ̀ afárá náà, Ọnárébù Akínbọ̀wálé, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà àti afárá, ní kí wọ́n jókòó: "Dírẹ́bà, ilé yìí kì í ṣe bọ́ọ̀sì o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ni, sà. Nínú bọ́ọ̀sì tèmi, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń débi tó ń lọ." Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún wa lórí fóònù, tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwa ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni Akínbọ̀wálé ti jókòó lé àbá afárá náà, kò jẹ́ kí wọ́n kà á títí ilé fi lọ ìsinmi.

Wọn ò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà tí àìsàn fi kọ lù wọ́n ní abúlé. Odò ti kún. Mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù dúró létí omi lọ́sàn-án gangan, kò ríbi gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n sì dákẹ́ sí.

Ní báyìí, a gbọ́ pé Akínbọ̀wálé ń bọ̀ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní iwájú lòun máa jókòó, kí àwọn àáfà sì ṣàdúrà fún òun, torí ó fẹ́ di sẹ́nétọ̀. A mọ̀ pé àṣà wa kò gbà ká lé ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ẹ má lé e. Ẹ fún un ní àga ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bó bá dìde láti sọ̀rọ̀, ẹ ní kó jókòó.

Ó tún fẹ́ wá bá wa ṣèpàdé ní Peckham. Kò ní rí gbọ̀ngàn kan lò. Gbogbo wa la ní ẹbí tó ń dìbò nílé, gbogbo wa la sì ní fóònù. Ní tiyín, Àlhájà, ẹ̀kọ́ Nusaybah ti di ti ẹgbẹ́ títí yóò fi jáde, a ò sì ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ afárá náà kú.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Kí Ó rẹ̀ yín lẹ́kún, kí Ó má fi yín sílẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ tán. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi orúkọ Akínbọ̀wálé sínú àdúrà yìí, ẹ sọ fún un pé àbá rẹ̀ ti dé ọwọ́ wa. A ò tíì kà á.

Basit Ilésanmí,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́,
Peckham.