Owó Orí Rìnsọ́lá

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹta, 2008
Lẹ́yìn ìsìn, nínú pákíńlọ́ọ̀tì, bàbá Rìnsọ́lá dá mi dúró. Ọmọ rẹ̀ ni Tìmí ọmọ mi fẹ́ fẹ́. Ó ní owó orí tí a máa gbé wá lọ́jọ́ ìdána, kó má jẹ́ dọ́là. Yúrò ni kó jẹ́. Dọ́là ti ń kú lọ, Ṣáínà ló ń yá Amẹ́ríkà lówó, lọ́jọ́ tí Ṣáínà bá bínú, a ó fi dọ́là dáná. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Láti òní lọ, Ọ̀gbẹ́ni Ìròyìn lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ìṣẹ́gun, 4
Yúrò! Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Dọ́là ni wọ́n ń san fún mi. Dọ́là ni Ọ̀gbẹ́ni Ìròyìn náà fi ra ilé rẹ̀ ní Forestville, ní Amẹ́ríkà níbí. N kò ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 13
Tìmí bẹ̀ mí. "Mummy, please, ẹ kàn change ẹ̀. Wọ́n á ṣáà dá a padà, wọn kì í ta ọmọ." Mo ní kí bàbá náà dá dọ́là padà nígbà náà. Ó ní tí bàbá bá ní rárá ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn Rìnsọ́lá.

Ẹtì, 14
Mo tò sórí ìlà ní báńkì. Mo kúrò lórí ìlà.

Àìkú, 23 — Àjíǹde
Ọ̀gbẹ́ni Ìròyìn tún ní, "Ìyáàfin, ẹ rántí o." Mo sọ fún Ṣadé àbúrò mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Owó wo ni wọ́n fi fẹ́ ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi?" Mo lọ ṣí àpótí mi.

Àbámẹ́ta, 29
Ọjọ́ ìdána. Ọ̀gbẹ́ni Ìròyìn ṣí àpòòwé owó orí lójú gbogbo ènìyàn. Náírà. Owó tuntun tí Ṣadé mú wá láti Ìbàdàn ní Kérésì. Tìmí wo ilẹ̀. Mo dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè mí: "Sà, kí lẹ fi fẹ́ ìyá Rìnsọ́lá?" Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn: "Náírà ni o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì yá a." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni Ìròyìn ní dọ́là ni o, yúrò ni o, òun ì bá ti dá a padà, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Èyí, òun ò ní í dá a padà. Ó fi í sínú àpò agbádá rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀.

Mo ti múra ìjà wá láti ilé. Kò sẹ́ni tí mo rí bá jà.