Ilé Tí Mo Fẹ́ Kọ́ Sí Kanvili

Tamale, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, 1936

Inú ṣì ń bí mi. Níbi ìpàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti bẹ̀ wọ́n lónìí pé kí ẹnì kan ṣe ẹlẹ́rìí mi, kí ó bá mi gbé obì lọ fún baálẹ̀ Kanvili, nítorí ilẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́lé sí.

Bàbá Ràímì, alága wa, ní, "Ìyá Sàlámì, Ògbómọ̀ṣọ́ lèèyàn ti ń kọ́ ilé àkọ́kọ́. Àlejò ni wá níbí."

Ilé tiẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń háyà yàrá níbí.

Ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní, "Màá bá yín lọ."

Obì ti wà nínú igbá. Ìlú yìí gba òkú ọkọ mi láìbéèrè ibi tó ti wá. Ó máa gba ilé mi.