Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ààtàn Ìsìkàn àti Àwọn Àgbá Tó Mọ́ Jù

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Oyèbọ́lá,
Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Ojúlé,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ỌKỌ̀ AKÓPÀǸTÍ WA PADÀ, KÍ Ẹ SÌ ṢÍ ÀÀTÀN Ẹ̀YÌNKÙLÉ WA

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àti ayálégbé ní òpópónà tí mo kọ sókè yìí. Orúkọ gbogbo wa ni mo fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá Wúràọlá Ọlábọ̀dé, ìyá bàbá mi, ló jẹ́ kí n tètè kọ ọ́. Màmá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ilé bàbá wọn ní ìlú Oǹdó, nítorí pàǹtí.

Ní ìparí òjò èṣí, ìgbìmọ̀ yín ti ààtàn tó wà lẹ́yìn ilé wa pa. Ẹ fi wáyà yí i ká, ẹ sì fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àgbá méjì tó ní ìdérí: aláwọ̀ ewé fún ohun tó ń jẹrà, pupa fún ohun tí kì í jẹrà. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, òṣìṣẹ́ yín, kó wa jọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ó sì kọ́ wa pé pàǹtí kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Èyí tó ń jẹrà wà, bí èèpo iṣu àti ewé. Èyí tí kì í jẹrà wà, bí ike, ọ̀rá, ìgò àti irin, a sì lè tún ọ̀pọ̀ nínú wọn lò. Èyí tó léwu náà wà, bí òkú bátìrì àti abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, tí kò gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù pàdé. A pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àgbà tó jókòó síwájú ló pàtẹ́wọ́ jù, nítorí ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré ni wọ́n gbọ́, kò sì sí ẹni tó pe ìpàdé lé e lórí fún wọn rí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ibẹ̀ ti rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èèpo iṣu kì í dé ààtàn. Ewúrẹ́ Màmá ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín ló ń dé ibẹ̀, àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ohun tí a gbá láàárọ̀. Màmá á bu eérú ààrò lé e lórí kí eṣinṣin má baà pọ̀. Ìgò tó bá ṣófo di ìgò epo, agolo mílíìkì di ohun tí a fi ń bu gaàrí. Bàbá àgbà ní ìkòkò fífọ́ kan tí wọ́n ń kó òkú bátìrì rédíò sí. Ọmọ tó bá ju bátìrì sí ààtàn, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tòmátì tí ẹnikẹ́ni kò gbìn á hù níbẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn á wọ yàrá wa bí ẹni pé ó ń san owó ilé. Mo ti lọ sí polí, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi òórùn lọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó jẹ́ kí ilé wù mí bíi tirẹ̀.

Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, tiwa ni apá kan rẹ̀. Àwọn àgbá yín dára jù. Omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé ní òpópónà wa, ẹ sì gbé ohun tí kò jò, tó tún ní ìdérí, wá fún wa, ẹ ní kí a da ìdọ̀tí sí i. Ọwọ́ wa kò gbà á. Àgbá pupa di ti omi. Ìyá Goodness, tó ń ṣe fùfú, rẹ ẹ̀gẹ́ sínú aláwọ̀ ewé. Ìjọ Áńgílíkà yá mẹ́rin nígbà ìkórè láti fi yìnyín sí mínírà. Pàǹtí wà nínú àpò lẹ́bàá títì bó ti ń wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ yín sì ń gbé e.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà wá yẹ̀ wá wò, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àpò lọ. Ó ṣí àgbá kan, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú omi. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ni. Ìyá Goodness sọ fún un pé, “Ọ̀gá, a máa ń fọ̀ wọ́n dáadáa,” òótọ́ sì ni. Ó ń yìn wá pé a kò ní ìdọ̀tí rárá, àlejò sì ni. Kò sí ẹni tó rí i bí ìwà ọmọlúàbí láti já a kulẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ yín fi kéde pé òpópónà wa kò ní pàǹtí mọ́, ẹ sì gbé ọkọ̀ wa lọ sí Ẹ́sítéètì Ìjàpọ̀, níbi tí àgbá ti ń kún bó ti yẹ.

Láti ìgbà náà, a kò ní ààtàn, a kò ní ọkọ̀. Ọ̀rá píọ́wọ́tà ti dí gọ́tà, omi òjò sì ti wọ ilé Ọ̀gbẹ́ni Kìtán, aládùúgbò wa. Ní oṣù tó kọjá, Màmá gba abẹ́ wáyà kọjá láti lọ da ewé mọ́ínmọ́ín síbi tí wọ́n ti ń dà á. Òṣìṣẹ́ yín kan rí wọn, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, “Màmá, ẹ̀ ń ba ìlú jẹ́.” Màmá dáhùn pé, “Ilẹ̀ tí mo ti ń já ewúro láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sí Àkúrẹ́, ṣé èmi náà ni mo wá bà á jẹ́?” Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní kí n bá àwọn gbé àpótí àwọn sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé bàbá àwọn ní Oǹdó ṣì wà bó ti wà.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọkọ̀ padà fún ike, ọ̀rá àti gbogbo ohun tí ilẹ̀ kò lè jẹ. A mọ̀ pé agbára ààtàn kò ká wọn. Ẹ ká wáyà kúrò, kí a lè máa da èyí tó ń jẹrà síbẹ̀, kí ẹ sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn wolé-wolé ti ń ṣe nígbà kan. Ẹ fún wa ní ibi kan tó ní àgádágodo fún bátìrì àti abẹ́rẹ́. Ní ti àwọn àgbá, ẹ lu ihò sí ìdí wọn. Ó dùn wá láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí a fi lè da ìdọ̀tí sí wọn.

Ní Sátidé tó kọjá, ọkọ̀ Oǹdó tí Màmá ránṣẹ́ pè ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé mo ti kọ̀wé sí yín, pé kí wọ́n ṣe sùúrù gbọ́ èsì. Wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò tíì kọ ọ́ nígbà náà. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí bóyá ẹ ti fèsì, orí àpótí yẹn ni wọ́n sì ń jókòó sí bi mí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó ń retí yín,

Olúwajùwọ́nlọ Ọlábọ̀dé,
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé,
Òpópónà Oyèbọ́lá, Ìsìkàn.