Orí Kẹfà Ìtàn Eyínfúnjowó

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Orí karùn-ún ìtàn mi ti bọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò wa ní Òkè Baálẹ̀ ló kà á – ewúrẹ́ pàápàá ń béèrè orí kẹfà lọ́wọ́ mi. Eyínfúnjowó, aránṣọ arẹwà, sá fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó di Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà! Tí mo bá di òǹkọ̀wé tán, tírélà ni wọ́n á fi máa kó ìwé mi lọ sílé-ìwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
N kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìtàn o. Ọgbọ́n. Ìyá Wúrà, ìyàwó bùrọ̀dá Dádì, kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n ti bí sílé wa kí òun tó wọlé ọkọ. Àpèlé ló fún wa. Èmi, Ẹnukòsinmi. Àǹtí Yẹmí, àbúrò Dádì, Eyínfúnjowó. Mo kàn yá àpèlé lò ni. Lóòótọ́, Àǹtí Yẹmí ń ránṣọ – àmọ́ aránṣọ pọ̀ bí eèrà ní Alékúwodò. Ta ló máa mọ̀?

Ọjọ́rú, 8
Gbogbo ayé ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ilé gbóná ju ààrò lọ. Àwọn ará ìta ò tilẹ̀ mọ Yẹmí, Eyínfúnjowó ni wọ́n mọ̀! Ìtàn ti dé Iléṣà, ọwọ́ Amos, àfẹ́sọ́nà Àǹtí Yẹmí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sì ku ọ̀tunla. Amos wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Dádì, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni?' Mo búra pé irọ́ ni mo pa – irọ́ tó ga ju òkè tí omi Ọlúmirìn ti ń já bọ́ lọ.
Ìyá Wúrà ní, 'Ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún yín lo fi tú ilé? Láti òní lọ, Oníwàhálà ni màá máa pè ọ́.'
Dádì ní kí n kọ orí kẹfà, kí n mú Eyínfúnjowó wálé, kí n ṣe ìgbéyàwó fún un. 'Kí ìrẹsì ó pọ̀ níbẹ̀!' Amos fẹ́ kà á kó tó kó àwọn òbí rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Mo kọ ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún, mo pa á rẹ́. Eyínfúnjowó ò gbà. Mo fi í sínú mọ́tò, ó bọ́ sílẹ̀ ní Iléṣà. Mo so ó mọ́ àga, mọ́tò taku. Ìwé ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ti fi tipátipá wọ́ ọmọ wálé lójú ewé tó kẹ́yìn, ògiri ni mo máa ń jù ú mọ́. Èmi náà á wá kọ irú ẹ̀?
Àǹtí Yẹmí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, 'Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ sá lọ?' Mo ní kò sẹ́ni, mo kàn rò ó ni. Ó ní, 'Má mú un wálé.'

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ìrẹsì ti wà lórí iná. Mo ti kọ ọ́. Eyínfúnjowó gba ṣọ́ọ̀bù sí Ìpetu, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù. N kò lè fi ránṣẹ́. Àǹtí Yẹmí gba fóònù. Ó kà á. Ó tún un kà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lọ sọ́dọ̀ Amos.