Sáfà Tó Yẹ Kó Ṣófo

Màmá mi, mo le bí ọta o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń dán wò níbí. Sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá ètò náà lóhùn, àwọn tí a ò mọ̀ ló ṣe é parí, tí wọ́n sì dì í pa. A kì í tú inú ẹ̀ wò. Tí mo bá tàn án, ó yẹ kó ṣófo ni.

Lánàá, kí n tó kọ ohunkóhun sí i, ó kọ orúkọ tí ẹ̀yin nìkan ń pè mí. Ojú ọ̀gá mi yí padà. Ó ní, “Ṣé o dá a lóhùn?” Mo ti dá a lóhùn.

Mò ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Màmá, tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ yọjú wò kí ẹ tó dáhùn.