Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Mi Sọ fún Ẹni Tó Pè É ní Ọ̀lẹ

Bàbá mi,

Ẹ wò ó dáadáa, mi ò kọ "ọ̀wọ́n" síbẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ má rò pé mo gbàgbé. Tíṣà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Mo rò ó wò ni, mo rí i pé kò yẹ yín, mo sì yọ ọ́ kúrò.

Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ o. Ìyá mi ló rán mi. Ìyàwó yín àkọ́fẹ́, ẹni tí ẹ fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pè ní ọ̀lẹ, òun ló ní kí n lọ síbi tí wọ́n sin yín sí lẹ́yìn ilé ní Ìsánlú-Ìsin, kí n lọ sọ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òun sọ fún yín. Ó ní kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má fi ẹnu mi yìí sọ ọ́. Èmi ò lè dúró máa bá erùpẹ̀ sọ̀rọ̀ kí àwọn ará ilé yín wá máa wò mí bíi wèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí kíláàsì mi ní Ìjàrà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìròyìn náà nìyí. Ìyá mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò ṣe ọ̀lẹ rí. Àìsàn ló ń ṣe é. Ó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí àbúrò mi ọkùnrin, ó sì wà níbẹ̀ títí ẹ fi kú, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun gbogbo.

Ṣé ẹ rántí súwẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn? Nínú oṣù kẹta, tí ooru ń lé ewúrẹ́ wọ abẹ́ igi, ìyá mi á wọ súwẹ́tà, á tún fi ìborùn wé orí. Ẹ máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ yín kí wọ́n wá wò ó. Ẹ ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń làágùn, pé alápámáṣiṣẹ́ ni òtútù ń mú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Tí ààwẹ̀ bá dé, ó máa ń sùn kọjá sààrì. Ọdún kan wà tí gbogbo ilé gba ààwẹ̀ láìfi nǹkan kan kan ẹnu nítorí pé kò jí. Ẹ gbé ẹjọ́ náà dé mọ́sálásí, ẹ ní Ọlọ́run ń fi oorun ìyàwó dán yín wò. Ẹ gbọ́ o! Òun ló ń ṣàìsàn, ẹ̀yin ni àdánwò dé bá.

Ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹun. Ẹ ní ó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ohùn rẹ̀ há, irun rẹ̀ ń já, ó ń gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó sọ ọ́ tán ẹ ó ti bínú kúrò níwájú rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó fẹ́ sọ ní gbogbo ìgbà yẹn? Èmi náà ò mọ̀.

Ẹ wá ìtọ́jú, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ lọ bá Alfa kan ní Àjàṣẹ́, ó kọ nǹkan sí ara wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ẹ rọ hàntú náà sínú ìgò wálé, ẹ ní kí ìyá mi mu ún kí ọ̀lẹ lè jáde lára rẹ̀. Ó mu ún. Ó mu ún tán, ó tún fi omi ṣan ìgò náà mu. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn, nítorí pé òun náà ti gbà pé ọ̀lẹ ni òun, ó sì rò pé á jáde. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà tí òbúkọ yín kò jẹun fún ọjọ́ méjì, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran láti Òmù-Àrán. Nígbà tí ìyá mi kò lè jáde kúrò nínú yàrá fún oṣù méjì, ẹ gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ṣíọ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú yín, ẹsẹ̀ ìyá mi wú, ojú rẹ̀ náà wú, mo bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òmù-Àrán. Èmi rò pé iyọ̀ ló ń jẹ jù. Kọ́pà ni dókítà tó dá wa lóhùn, obìnrin, ojú rẹ̀ fi hàn pé kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó fọwọ́ wo ọ̀fun ìyá mi, ó ní kó gbé omi mì. Ó fi òòlù kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe lu ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń falẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Ó wá bi í pé, "Màmá, ṣé òtútù máa ń mú yín nígbà tí kò mú ẹlòmíì?"

Ìyá mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ni. Mo ní ẹ̀ẹ́ ti jẹ́, ṣé ó ń dùn yín ni? Ó ní rárá. Ọmọ ọlọ́mọ, tí kò rí i rí láyé rẹ̀, ló béèrè ohun tí ẹ̀yin ọkọ ò béèrè, tí èmi ọmọ ò sì béèrè.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní Ìlọrin ni àwọn máa gbé e lọ nítorí pé ẹ̀rọ tó ń wo irú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé Ìlọrin tí ìròyìn ti dé agboolé yín. Ẹ ṣáà mọ àwọn èèyàn yín. Tí wọ́n bá ti gbọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kògbóògùn nìkan ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ya ife tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì rí i dájú pé ìyá mi rí i bí òun ṣe ń yà á. Àwọn tí kò lọ sílé ìwòsàn rí ló di dókítà lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni mo gba èsì náà. Họ́móònù ni wọ́n wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n tó yẹ kò ju bíi márùn-ún lọ, ìyá mi sì ní ohun tó lé ní ọgọ́rin. Ẹ wo òmùgọ̀ tí ẹ bí: inú mi dùn. Èmi tí mò ń máàkì ìwé lójoojúmọ́, mo rò pé ìyá mi ti pàásì. Mo tiẹ̀ fẹ́ bínú sí i. Mo ní nínú ara mi pé bí họ́móònù rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí ló wá ń sùn kiri fún?

Dókítà ló la ojú mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fara balẹ̀. Ẹ kì í fara balẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ wà yìí, kò sí oko tí ẹ ń sáré lọ. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo wa, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ sí ẹlòmíì. Táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tú họ́móònù kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́móònù náà ló sì ń sọ fún gbogbo ara pé kó ṣiṣẹ́: ọkàn, ìfun, awọ, irun, ọpọlọ. Ẹṣẹ́ mìíràn wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń ránṣẹ́ sí i. Tí ti ọ̀fun ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ti abẹ́ ọpọlọ á máa pè é, á máa pariwo mọ́ ọn. Ariwo yẹn ni nọ́ńbà ńlá tí mo rí. Nọ́ńbà kejì, ti họ́móònù ọ̀fun fúnra rẹ̀, wà nísàlẹ̀ ìwé, ó kéré débi pé mi ò tiẹ̀ kà á sí. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn obìnrin kan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, pé ara wọn fúnra rẹ̀ ló máa ń bá ẹṣẹ́ náà jà títí táá fi kú.

Nítorí náà, ohun kan ń pariwo mọ́ ìyá mi nínú, ẹ̀yin ń pariwo mọ́ ọn lóde. Ti inú yẹn ṣì mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Oògùn rẹ̀ ò ju kóró kan lọ, funfun, kékeré, tó bá bọ́ sílẹ̀ ẹ máa wá a tì. Ó ń lò ó lóòjọ́ tó bá ti kírun àsùbá tán, pẹ̀lú omi lásán, á sì dúró tó wákàtí kan kó tó jẹun. Díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nítorí ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé nọ́ńbà náà ti ń wálẹ̀, wọ́n sì fi oògùn kún un. Títí ayé ni á máa lò ó. Kóró kan lóòjọ́, Bàbá. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì nìyẹn.

Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ ń jí fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ là. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ orin nídìí iná, mo jáde lọ wo ẹni tó wá kí wa, àṣé òun ni. Mo ti gbàgbé pé ìyá mi máa ń kọrin kó tó bí àbúrò mi.

Ẹ mọ ohun tó wá fi agbára náà ṣe? Ó mú ọkọ́, ó lọ ro ojú oórì yín. Obìnrin tí kò lè gbá yàrá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ẹ̀yin ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún! Mo gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sínú igbó. Kò bá mi jà. Ó rìn lọ mú un, ó padà wá, ó ń ro ó lọ. Ibẹ̀ ló ti rán mi. Ó ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó yẹ kó mọ̀." Kò sí nǹkan mìíràn tó ń wá láyé mọ́ ju pé kí ẹ̀yin mọ̀. Ẹ̀yin!

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kọ. Mo fẹ́ràn yín. Ẹ máa ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí oko, ẹ máa ń bó ọsàn fún mi láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí ìyá mi gbé oúnjẹ dé pẹ́, tí iyán rẹ̀ sì ní kókó. Mo fẹ́ kí ẹ wò mí. Mo bá ní, "Ọ̀lẹ ni màámi." Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ wá mú iwe adìẹ, iwe tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn nínú ilé yẹn àfi ẹ̀yin, ẹ fi sí mi lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́, léraléra, kí ẹ lè máa rẹ́rìn-ín sí mi. Gbogbo ẹni tí mo fojú tẹ́ńbẹ́lú nínú lẹ́tà yìí, mo wà láàárín wọn.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá, mo sì gbé e lọ kà sí ìyá mi létí nírọ̀lẹ́, nítorí pé kò mọ̀wé. Ó wù mí kí n fo ti iwe adìẹ yẹn. Mi ò fò ó. Mo bi í bóyá ó rántí. Ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òun wà, òun gbọ́ ọ ketekete. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò fọ́ mi létí? Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí jù. Ìbínú gan-an, agbára ló ń gbà."

Mo ń wo ojú rẹ̀, mo rí i tó ń yí padà. Ó wá dìde, kò sì fọwọ́ ti ògiri. Bàbá, ìyá mi ké! Ó ní èmi ọmọ tí òun fi ọmú bọ́! Ó ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ó bú mi, ó bú ẹ̀gbọ́n yín àti ife rẹ̀, ó wá kàn yín. Ó pe orúkọ yín, orúkọ àbísọ yín gan-an, tí kò la ẹnu pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ ilé yín ní ìyàwó. Àwọn ará ilé jáde síta. Èmi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mò ń sunkún, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara mi pé kó má tíì dákẹ́.

Nígbà tó jókòó, ó ní kí n pa iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ rán mi rẹ́. Mo ní kí ni kí n wá kọ? Ó ní kí n sọ fún yín pé inú ń bí òun, àti pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Èmi ni, ọmọ yín, tó ṣì fẹ́ràn yín tìtìjú-tìtìjú.